Ìlànà Ìjọba Lórí Epo àti Òróró Tí A Fi Ń Dáná

Ìlànà ìjọba lórí epo jíjẹ ni gbogbo òfin, owó ibodè, àṣẹ, ìrànlọ́wọ́ àti ìkìlọ̀ tí ìjọba ìlú kan ń lò láti pinnu irú epo tí yóò dé inú ìkòkò àwọn ènìyàn rẹ̀, iye tí wọn yóò rà á, ohun tí a gbọ́dọ̀ fi sí i àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fi sí i, àti irú ilẹ̀ tí a ó fi gbin igi tàbí irúgbìn tí ó ti ń jáde. Ní ayé òde òní, ohun méjì ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ń lépa: ìlera ẹni tí ń jẹ epo, àti ìlera ilẹ̀ tí ń mú un jáde. Kò sí èyí tí a lè mú kí a fi èkejì sílẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí a ti pa tán kì í mú epo jáde, epo tí ó sì ń pa ẹni tí ń jẹ ẹ́, a kò rí ìdí tí a fi ń fi ilẹ̀ rere gbìn ín.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyì epo. Níbi ìsọmọlórúkọ ni a ti ń fi í tọ́ ọmọ tuntun lẹ́nu, tí àwọn àgbà ń wúre pé epo ni ìrọ́jú ọbẹ̀, kí ayé ọmọ náà má ṣe le koko. Ọ̀pẹ tí ń so ó sì ni igi tí a ń rí imọ̀ rẹ̀ fi bo ilé, tí a ń rí ọwọ̀ lára rẹ̀ gbálẹ̀, tí a ń dá ẹmu rẹ̀, tí ikin Ifá ti ara rẹ̀ jáde, tí a ń fi ẹyìn rẹ̀ ṣe epo, tí a sì tún ń pa èkùrọ́ rẹ̀ ṣe àdí. Ṣùgbọ́n epo pupa nìkan kọ́ ni ó wà lọ́jà. Òkè Ògùn, láti Ṣakí dé Kìṣí, ni òrí ti ń wá. Ẹ̀pà Òkè Ọya ni ó fún àwọn ìyá wa ní òróró tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Badagry àti etí òkun ni àgbọn pọ̀ sí. Èyí tí ó sì gba ọjà lónìí ni òróró inú ike, tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe tàbí tí a fi epo ọ̀pẹ tí a ti yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò ṣe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní òróró ẹ̀pà láìsí hóró ẹ̀pà kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ohun tí ó mú ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni àrùn ọkàn, tí ń pa ènìyàn ju àrùn mìíràn lọ ní gbogbo ayé. Ọ̀rá tí ń bẹ nínú epo kì í ṣe irú kan. Ọ̀kan wà tí ń dì nígbà tí ooru bá lọ, irú èyí tí a ń rí lójú epo pupa ní àsìkò ọyẹ́. Òmíràn wà tí ń ṣàn ní gbogbo ìgbà. Ọ̀rá dídì yìí tó ìdajì nínú epo pupa. Ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ nínú àdí àti nínú epo àgbọn. Nínú òróró sóyà kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ó bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a sì máa dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé inú ọkàn, ìdí sì nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbani níyànjú pé kí ó má ju ìdá 10 nínú 100 lọ nínú agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ara. Irú kẹta ni èyí tí ó burú jù. Àwọn iléeṣẹ́ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nípa fífẹ́ gáàsì haidirójìn sínú òróró tí ń ṣàn títí yóò fi dì, kí ó lè pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́, kí ó sì lè wọ inú bọ́tà àtọwọ́dá, bisikíìtì àti oúnjẹ dídín. Trans ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀rá náà. Ó ń gbé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù búburú sókè, ó ń fa èyí tí ó dára wálẹ̀, a kò sì tíì rí àǹfààní kan tí ó ń ṣe fún ara.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí ó wá pe epo pupa ní májèlé kò mọ ohun tí ó ń wí, nítorí epo tí a kò bó kún fún èròjà tí ara ń sọ di fítámìn A, èyí tí ń dá ààbò bo ojú ọmọdé tí ó sì ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Ẹni tí ó sì ń polówó rẹ̀ pé oògùn gbogbo àìsàn ni, tirẹ̀ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pupa yẹn gan-an ni èròjà náà. Bí a bá gbé epo ka iná, tí a dé e pa, tí a jẹ́ kí ó jó títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ ìrẹsì ọ̀fadà, nígbà tí a ó bá fi ṣí ìdérí tí èéfín bá gba ilé kan, ohun tí à ń torí rẹ̀ yin epo ti bá èéfín náà lọ, ọ̀rá dídì rẹ̀ sì ṣẹ́ kù síbẹ̀ digbí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ọbẹ̀ náà, nítorí èmi pàápàá kì í kọ̀ ọ́. Mo kàn ń sọ pé kí a má ṣe ka ìyìn epo tútù sí epo bíbó lórí ni.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn ìjọba ti dán wò, èyí tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò jù ni ti Mauritius, erékùṣù kékeré kan nínú Òkun Íńdíà níhà ìlà-oòrùn Madagásíkà. Ní àkókò náà, àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ti ń jà gan-an láàárín àwọn ará ibẹ̀, òróró tí àwọn mẹ̀kúnnù sì ń rà lówó pọ́ọ́kú, tí ìjọba ń bá wọn san díẹ̀ nínú owó rẹ̀, epo ọ̀pẹ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọdún 1987 ìjọba yí ohun inú òróró náà padà, ó di òróró sóyà. Òótọ́ ni pé wọ́n ń kéde lórí rédíò àti ní ilé ẹ̀kọ́ pé kí àwọn ènìyàn dín sìgá mímu kù, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò gbọ́ ìkéde kankan, tí ó kàn rán ọmọ lọ ra òróró bí ó ti ń rán an lánàá, òróró mìíràn ni ọmọ náà gbé wálé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará erékùṣù náà wò ní 1992, ìwọ̀n kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn, tí ó jẹ́ mílímóòlù 5.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ní 1987, ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 4.7, wọ́n sì gbà pé ìpín tí òróró kó nínú ìyípadà náà kò kéré. Kí a má baà fi ẹnu kan sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé sísanra ju bí ó ti yẹ lọ pọ̀ sí i láàárín ọdún márùn-ún kan náà, àtọ̀gbẹ kò sì dínkù. Òróró tí a pààrọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ òróró tí a dínkù.

Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ Mauritius ni mo fẹ́ fi ṣe òpó àyọkà yìí. Ibi tí a ti ń rọ epo sínú ike ni òfin ti lágbára. Nídìí àdògán, ìwàásù lásán ni ó kù. Àwọn ìjọba tí ó mọ èyí ti ṣe àṣeyọrí, àwọn tí ó sì ń fi ìgbà gbogbo bá ìyàwó ilé wí nípa ọwọ́ epo rẹ̀, tí wọn kò bi ẹni tí ó ta epo náà fún un ní ìbéèrè kan, ń dá ara wọn lágara.

Ọ̀ràn ọ̀rá trans jẹ́rìí sí i. Dẹ́nmáàkì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó fi òfin dè é, ní ọdún 2003, nígbà tí ó pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá tí iléeṣẹ́ bá ń lò nínú oúnjẹ. Àwọn aláṣelékè sọ pé oúnjẹ yóò wọ́n, pé adùn bisikíìtì yóò lọ. Bisikíìtì kò lọ síbì kankan. Ìlú New York fi òfin tirẹ̀ de àwọn ilé oúnjẹ ní òpin 2006, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 2015 pẹ̀lú àṣẹ pé kí àwọn oníṣẹ́ oúnjẹ yọ òróró tí a fi haidirójìn dì náà kúrò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wá ké sí gbogbo ayé láti lé e kúrò nínú oúnjẹ kí 2023 tó parí. Nàìjíríà kò kẹ́yìn pátápátá nínú ìrìn yìí. NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé òfin jáde ní 2022 lórí ọ̀rá àti epo, èyí tí ó fi ìwọ̀n 2 nínú 100 yẹn kan náà lélẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ka orílẹ̀-èdè wa mọ́ àwọn tí òfin tí ó péye bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2023.

Ṣáájú èyí ni òfin fítámìn A ti wà. Láti ọdún 2002 ni a ti pa á láṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ tí ń ṣe òróró, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ní Nàìjíríà pé kí wọ́n máa fi fítámìn A sí i, nítorí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí àìtó rẹ̀ ń ba ojú wọn jẹ́. Àjọ SON ni ó ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, NAFDAC ni ó ń ṣọ́ ọ. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn ìloro iléeṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa ba fítámìn A jẹ́, ike tí ó mọ́ gaara ni a sì ń rọ òróró sí, kí oníbàárà lè rí bí ó ti ń dán. Ìyá aláte á tò wọ́n síta láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán á pa wọ́n, wọn á wọlé ní alẹ́, wọn á tún jáde lọ́la. Bí àwọ̀ ike náà bá ṣú díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi páálí bò ó, owó tí a ná lórí fítámìn kò ní jẹ́ àdánù. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ó sì wà lára ohun tí òfin lè pàṣẹ rẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo.

Èyí mú wa dé ibi tí ìlànà Nàìjíríà ti mẹ́hẹ jù. Àwọn òfin tí a ti kà wọ̀nyí ń bá òróró onílébẹ́ẹ̀lì wí, èyí tí ó ní orúkọ, tí ó ní nọ́ḿbà NAFDAC, tí a sì mọ ilé tí ó ti wá. Epo tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa ń jẹ kò ní lébẹ́ẹ̀lì. Inú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni ó ń gbé wọ ọjà, láti oko, láti ẹ̀yìn ilé, tàbí láti ẹnubodè. Elépo á fi àrọ wọ̀n ọ́n sínú ìgò, ìgò á wọ inú ọ̀rá, ẹni tí kò sì ní owó ìgò kan á ra ìdajì tàbí ti ọbẹ̀ ọjọ́ kan péré. Ẹni tí ó rà á kò mọ oko tí ó ti wá, ẹni tí ó tà á pàápàá lè má mọ̀ ju orúkọ alágbàtà lọ. Àwọn baba wa ní aláṣọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo, ó sì jọ pé àwọn tí ń ṣe òfin wa ti gba òwe náà gbọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí òfin wọn mọ́ tónítóní, kò sì tíì dé ìsọ̀ elépo.

Ibẹ̀ sì ni jìbìtì ń fi ṣe ilé. Bí epo bá ti pẹ́, tí pupa rẹ̀ ti ṣá, tàbí tí a ti fi òróró mìíràn là á, àwọn kan a máa da aró Sudan sí i kí ó lè pọ́n yòò. Aró tí a ń fi kun bàtà, epo ọkọ̀ àti àbẹ́là ni, kì í ṣe ohun jíjẹ ní orílẹ̀-èdè kankan, àwọn onímọ̀ sì ń bẹ̀rù pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní ọdún 2015 ni àkàrà tú sépo ní Gánà, nígbà tí àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ níbẹ̀ yẹ epo inú ọjà wò tí wọ́n sì bá Sudan IV nínú rẹ̀. NAFDAC náà ti kìlọ̀ irú rẹ̀ fún àwa náà léraléra. A máa ń dá ẹ̀bi fún obìnrin tí ó pate sílẹ̀ nítorí òun ni a rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀, bí a bá sì fẹ́ mú olè epo, àwọn tí ń kó kẹ́ẹ̀gì ọgọ́rùn-ún jọ sínú ilé ìkópamọ́, tí wọ́n mọ̀ pé epo oṣù kẹjọ kì í pọ́n báyìí, ni kí a kọ́kọ́ kàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀ràn epo tí a ń dín nǹkan nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò yàtọ̀. Ẹ dúró ti alákàrà kan bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú: agbada rẹ̀ wà lórí iná láti ọ̀sán, ó ti fi dín dùńdú, ó ti fi dín ẹja, èèrún àkàrà ti jóná sí ìsàlẹ̀, òróró náà sì ti dúdú bí omi aró. Kò ní dà á nù. Yóò sẹ́ ẹ sínú kẹ́ẹ̀gì, yóò bu tuntun díẹ̀ lé e lórí lọ́la, nítorí iye tí òróró wọ́n lónìí, ẹni tí ó bá ń da ti àná nù yóò fi àkàrà sílẹ̀ láìpẹ́. Òróró tí ó bá ti jóná púpọ̀ a máa ní àwọn èròjà tí ó lè ṣe ìpalára fún ara, àwọn onímọ̀ sì ti rí ọ̀nà láti wọ̀n wọ́n. Íńdíà pàṣẹ láti oṣù keje ọdún 2018 pé bí àwọn èròjà náà bá ti ju ìdá 25 nínú 100 lọ, a kò gbọdọ̀ fi òróró náà dín nǹkan mọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí òfin yìí ní ẹsẹ̀ ni pé wọ́n ṣe ètò mọ́ ọn lọ́dún kan náà láti máa ra òróró tí ó ti gbó lọ́wọ́ àwọn tí ń dín nǹkan, kí àwọn iléeṣẹ́ sì sọ ọ́ di epo tí a ń rọ sínú ọkọ̀. Owó tí alákàrà bá rí lórí ti àná ni yóò jẹ́ kí ó ra ti òní. Ṣáínà, tí kò tètè ṣe irú ètò yìí, ni àwọn oníjìbìtì ti ń gbọ́n òróró jáde láti inú gọ́tà ilé oúnjẹ, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n sì ń tà á padà fún jíjẹ, títí ìjọba fi mú ọ̀pọ̀ nínú wọn ní 2011.

Bí a bá yí ojú sí ilẹ̀, ìtàn náà gùn ju èyí lọ. Lẹ́yìn tí Bìrìtìkó fi òfin dá òwò ẹrú dúró ní 1807, epo ọ̀pẹ ni ọjà tí àwọn oníṣòwò Liverpool yí sí, ọṣẹ, àbẹ́là àti ọ̀rá ẹ̀rọ sì ni wọ́n ń fi í ṣe. William Lever, oníṣẹ́ ọṣẹ, bẹ ìjọba amúnisìn léraléra pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ ńlá ní Nàìjíríà láti fi dá oko ọ̀pẹ. Wọn kò gbà fún un, Gómìnà Hugh Clifford sì wà lára àwọn tí ó dúró gbọn-in pé ilẹ̀ náà ti àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Kóńgò ni Lever ti rí ilẹ̀ gbà, ní 1911. Ìpinnu yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ìlànà epo tí ó tóbi jù tí a tíì ṣe ní ilẹ̀ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó ṣe é kò pè é bẹ́ẹ̀: nítorí rẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé títí di òní ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo Nàìjíríà ti ń jáde. Ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nígbà náà, èkùrọ́ ni a máa ń kó lọ sí òkè òkun jù. Epo pupa tiwa, ìkòkò ọbẹ̀ wa ni ó ń lọ.

Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ tí a dá sílẹ̀ nítòsí ìlú Benin ní 1939, tí a wá ń pè ní NIFOR láti 1964, ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé jẹ àǹfààní rẹ̀ lórí ọ̀pẹ tẹ́nẹ́rà, tí eepo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí ẹran ara rẹ̀ sì pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960, kò sí orílẹ̀-èdè tí ń mú epo jáde tó Nàìjíríà. Láàárín ọdún mẹ́wàá Màléṣíà ti gba iwájú. Ogun abẹ́lé wà lára ohun tí ó fà á. Àwọn ìgbìmọ̀ ọjà tí ń ra epo àti èkùrọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí ó kéré sí ti ayé, tí wọ́n sì ń fi èlé rẹ̀ ṣe owó ìjọba, wà lára rẹ̀. Epo rọ̀bì wá parí èyí tí ó kù. Ẹ̀pà Kánò náà rí tirẹ̀: ọ̀dá àti àrùn tí ó kọlu ewé ẹ̀pà ní 1975 tú òkìtì ẹ̀pà tí a ń yà ní fọ́tò ká.

Láti ìgbà náà, ìlànà wa ti di ti ibodè. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin de òróró tí a ti fọ̀ tán ní òkèèrè, ó sì gba owó ibodè lórí epo tútù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báǹkì Àpapọ̀ kọ̀ láti máa ta dọ́là fún ẹni tí ó bá fẹ́ kó epo ọ̀pẹ àti òróró wọlé, wọn kò sì yí ìpinnu náà padà títí di oṣù kẹwàá ọdún 2023. Àwọn oko ńláńlá bí Okomu àti Presco ní ìpínlẹ̀ Ẹdó gbilẹ̀ sí i ní àkókò yìí. Ṣùgbọ́n òróró tí a dè ní Àpápá a máa gba Kútọnu wọlé. Àwọn oní-fàyàwọ́ Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdìròkò mọ ọ̀nà ju aṣọ́bodè lọ, àní nígbà tí a ti ibodè orí ilẹ̀ pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di ìparí 2020, iye owó òróró ni ó lọ sókè, kẹ́ẹ̀gì kò dáwọ́ wíwọlé dúró.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlànà ibodè ṣe lè yí padà lu ẹni tí ó ṣe é, kí ó wo Indonéṣíà, tí ń mú epo ọ̀pẹ jáde ju gbogbo ayé lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni òróró wọ́n gógó níbẹ̀, ìjọba sọ pé kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ, òróró sì di àwátì lórí àtẹ. Àwọn ìyá ilé tò lórí ìlà ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pẹ kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin wọ́n fi òfin de títa epo sí òkèèrè, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti dá òróró sunflower dúró lọ́wọ́ kan náà, gbogbo ayé pariwo. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi tú òfin náà ká, nítorí ẹyìn ń rà mọ́ àwọn àgbẹ̀ wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀sùn tí ó tóbi jù lórí ọ̀pẹ ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbèjà àyíká ni igbó tí a sun ní Indonéṣíà àti Màléṣíà láti gbìn ín. Òótọ́ ni ẹ̀sùn náà. Òótọ́ sì ni pé kò sí irúgbìn tí ń mú epo jáde lórí ilẹ̀ kékeré tó ọ̀pẹ: lórí hẹ́kítà kan, oko tí a tọ́jú dáadáa a máa fúnni ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin, níbi tí sóyà kò ti ju nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Bí a bá ní kí gbogbo ayé fi ọ̀pẹ sílẹ̀, igbó mìíràn ni a ó tún lọ gé. Nítorí náà ni àwọn oníṣòwò àti àwọn agbèjà àyíká fi dá ẹgbẹ́ RSPO sílẹ̀ ní 2004, tí ń fi èdìdì sí epo tí a kò fi ìparun igbó ṣe, tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe òfin ní 2023 pé ẹni tí yóò ta epo ọ̀pẹ fún wọn gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko rẹ̀ wà hàn gan-an lórí àwòrán ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ní ọ̀pẹ ogún lẹ́yìn ilé, tí bàbá rẹ̀ àgbà ni ó bá a níbẹ̀, kò pa igbó kankan run, ṣùgbọ́n kò ní àwòrán ilẹ̀ kan tí yóò fi hàn. Tiwa tí ó yẹ kí a wò ni omi: epo tí a fọ̀ lẹ́bàá odò a máa da èérí àti ooru sínú odò náà, ẹja a sì máa kú. Ẹ̀rọ ìfúnpo kékeré tí kò nílò omi púpọ̀, àti irúgbìn tẹ́nẹ́rà tí a bá fún àgbẹ̀ ní iye tí agbára rẹ̀ ká, yóò mú epo pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ kan náà láìkan igbó Okomu tàbí ti Ọ̀ṣun lára.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil kò fi epo sílẹ̀. Àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé, inú epo pupa ni wọ́n ṣì ń dín in sí, ìjọba Brazil sì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń tà á sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 2005. Èyí pàápàá jẹ́ irú ìlànà epo kan, tí ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ń dáná.

Nílé níhìn-ín, kò pọn dandan kí a dá àjọ tuntun sílẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ti fi ọjà àti gbogbo ibi tí a ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú sí abẹ́ àbójútó ìjọba ìbílẹ̀, wolé-wolé tí àwọn ìyá wa ń sá fún nítorí ìkòkò omi ẹlẹ́fọn sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ tí a ń tì bọ inú òróró gbígbóná láti mọ̀ bóyá ó ti jóná jù kò ju ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan mú lọ, ìyẹ̀wò aró Sudan kò sì kọjá agbára yàrá ìwádìí ilé ìwé gíga kan. Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ láti Badagry dé Ìlọrin fún wolé-wolé wọn ní ẹ̀rọ náà, kí wọ́n kọ́kọ́ rán wọn lọ sí ilé ìkópamọ́ àwọn alágbàtà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ alákàrà, kí wọ́n sì ní owó lọ́wọ́ láti ra òróró àná tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀.